Kànga Àlájì, Pèpéle Àlájì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ilé bàbá yín ṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dágbére fún ṣáláńgá kẹ́ ẹ fi wọ́tà sísítẹ̀mù rọ́pò rẹ̀, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ìtàn náà ò gùn, orin sì wà nínú ẹ̀.

Ní Mafoluku, níbi tí bàálù ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé bí ẹni fẹ́ ká aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ilé kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ilé Oníkànga. Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun Àsàrì, àwọn ìyàwó ilé á kó korobá wọn dé. Iwájú ilé ni kànga náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Omi inú ẹ̀ mọ́ roro, ó tutù bí ẹni pé inú àmù ló sùn mọ́jú. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlájì Ṣàmsúdéènì onípákó ló gbẹ́ ẹ, kó sì tó kú ló ti sọ pé sàráà ni, kí ẹnì kankan má tà á.

Ìyàwó ẹ̀, Àlájà Ìsíátù, á ti wà lórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á máa kọrin fún àwọn tó ń fami:

*Fà á, fà á, má jẹ́ ó já,*
*Omi Àlájì kì í tán.*
*Pọn tìrẹ, kó o fẹ́nìkejì láyè,*
*Omi Àlájì kì í tán.*

Pèpéle yẹn, símẹ́ńtì pupa ni. Ibi tí Àlájì máa ń jókòó sí ti dán bí abọ́. Ibẹ̀ ló ti ń fi tẹ̀sùbáà ṣàsìkíri láàárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ̀pà lálẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń parí ìjà àwọn ayálégbé. Látìgbà tó ti kú, Ìsíátù kì í jókòó síbi dídán yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, bí ẹni pé ó fàyè sílẹ̀ fún un.

Ilé àtijọ́ dùn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká parọ́. Balùwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, páànù ni ilẹ̀kùn ẹ̀, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní ìkọ́. Bó o bá wọlé, orin ni ìkọ́ rẹ. Ẹni tó ń bọ̀ bá gbọ́ orin, á dúró, á gbé kànìnkànìn ẹ̀ dání, á máa retí. Télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú ní orin tiẹ̀, Ìsíátù ní bíi méje tó ń fi ṣe pààrọ̀. Àlájì ò mọ orin kọ ní tiẹ̀. Ikọ́ ló máa ń wú. Hùn-hún! Gbogbo ilé á mọ̀ pé baálé ń wẹ̀.

Ṣáláńgá ló wá jìnnà. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, ẹ̀yìn igi ìbẹ́pẹ, lábẹ́ ògiri tó kẹ́yìn gbogbo ilẹ̀ ló wà. Nígbà tí Ìsíátù jẹ́ ìyàwó tuntun, ó fi ìrìn náà kọ orin bú ọkọ ẹ̀, nítorí Ìséyìn ni àwọn méjèèjì ti wá:

*Ọkọ mi kọ́lé, ó dára,*
*Ṣáláńgá ilé wa, Ìséyìn ló wà!*
*Ẹ bá mi di gààrí sápò,*
*Ọ̀nà jìn, n ó jẹun lọ́nà.*

Àlájì á rẹ́rìn-ín títí, á ní, "Máa kọrin ẹ lọ, Ìsíátù. Ẹsẹ̀ á máa ro ọ́, inú ò ní run ọ́." Ìsíátù á ṣe ṣìọ̀, á gbé bútà, á tún mú ọ̀nà Ìséyìn pọ̀n.

Ṣùgbọ́n ara ń dàgbà. Orúnkún tó ń jó láyé ọjọ́sí ti ń dún bí ilẹ̀kùn. Lásìkò òjò tó kọjá, ilẹ̀ yọ̀, Ìsíátù ṣubú lọ́nà ṣáláńgá, tòun ti bútà. Nígbà tí Sherifdeen ọmọ ẹ̀, tó ń gbé ní Àgọ́ Palace, gbọ́, ó gbéra.

"Mọ̀mí, ó tó gẹ́ẹ́. Yàrá tí ò sẹ́ni nínú ẹ̀ yẹn, a máa sọ ọ́ di balùwẹ̀. Wọ́tà sísítẹ̀mù, ṣáwà, táìsì látilẹ̀ dókè. Ẹ ò ní jáde síta mọ́."

"Ṣáwà!" Ìsíátù dìde, ó di ìró rẹ̀ le. "Èmi Ìsíátù! Kómi máa rọ̀ lé mi lórí, tí òjò ò sì rọ̀!"

Ó jó. Orúnkún ń ké, ó ń jó.

"Pálọ̀ náà ńkọ́?" ló bi í.

"A máa tú u palẹ̀ ni. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó ju èmi lọ. Sílìn ti ń wo ilẹ̀. Àga aláwọ̀ yẹn, ẹni tó bá jókòó sí i nígbà ooru, ó di kí wọ́n bó o kúrò lára ẹ̀."

"Ó ti sìn wá. Ẹ jẹ́ ó lọ sinmi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé jáde ni Ìsíátù ń kí pé ó kú iṣẹ́. Ó kí kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ẹ̀ kọ́ ìrìn lórí ẹ̀. Ó kí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí wọ́n ń kó àwo àlejò sí, àwo tí àlejò kankan ò fi jẹun rí. Àwòrán Àlájì ní Mẹ́kà nìkan ló gbé mọ́ àyà, ó ní ìyẹn ń padà sí ara ògiri tuntun. Ọkàn ẹ̀ ń fà sí ti àtijọ́, inú ẹ̀ sì ń dùn sí tuntun.

Àfìgbà tí Fọlọ́runṣọ́ bíríkìlà na téèpù ẹ̀ dé pèpéle.

"Màmá, pèpéle yìí máa kúrò o."

"Pèpéle wo?"

"Èyí náà. Ẹ̀yìnkùlé la máa gbẹ́ sókàwéè sí, ibi tí ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ á máa ṣàn lọ. Ilé yín fara mọ́ ti aládùúgbò lápá ọ̀hún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí páìpù lè gbà dẹ́yìn nìyí, pèpéle ló sì gbà á tán. A ò sì lè gbé páìpù ìgbẹ́ gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì èèyàn."

Háà! Ìsíátù sùn gbọọrọ lórí pèpéle.

"Pèpéle Àlájì? Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì, mo ní ó kú iṣẹ́. Ẹ gbé àga, mo ní ó dìgbà. Ẹ wá fẹ́ gbé ibi tí ọkọ mi jókòó sí! Ẹ kúkú gbé èmi náà sínú kòtò, kẹ́ ẹ da táìsì lé mi lórí!"

"Mọ̀mí, ẹ dìde nílẹ̀," ni Sherifdeen ń wí.

"Mi ò dìde!"

Omi ti wà lójú ẹ̀. Ọmọ wo ló fẹ́ rí omijé ìyá ẹ̀? Sherifdeen yíjú sí bíríkìlà. "Fọlọ́runṣọ́, ṣé kò sọ́nà mìíràn ni?"

Fọlọ́runṣọ́ họ orí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ọ̀nà wà o. Ká gbẹ́ ẹ síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga níbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kò sì jìnnà sí balùwẹ̀ tuntun. A máa da kọnkéré bo orí ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Ìsíátù dìde lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ dáadáa! Ìyá ẹ ò ní fojú sunkún ẹ!" Ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún un.

Ẹ wò ó, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sẹ́ni tó ní ibi lọ́kàn. Ọmọ ń kẹ́ ìyá ẹ̀, ìyá ń kẹ́ ọkọ tó ti kú, bíríkìlà ń wá bí gbogbo wọn á ṣe dúnnú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé ìgbẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, Ìyá Olúwatúnmiṣe, obìnrin tó ń gbé lójúlé kejì, wá pọnmi, ó pọn ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn.

"Àlájà, kòtò kí nìyí?"

"Kòtò ṣáwà mi ni!"

"Ó mà sún mọ́ kànga o."

"Ṣebí omi ni méjèèjì? Ẹbí ni wọ́n." Ìsíátù rẹ́rìn-ín, ó gbé orin. Ìyá Olúwatúnmiṣe náà gbè é.

Àfi bí ẹnì kan ṣe ké lójú títì: "Wolé-wolé ti dé o!"

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Nígbà tí Ìsíátù wà lọ́mọdé ní Ìséyìn, bí wọ́n bá ti gbúròó pé wolé-wolé ń bọ̀, ìyá ẹ̀ á da omi àmù nù kíá kí tanwíji má bàa kó bá a, àwọn ọmọ á máa gbálẹ̀ kítikìti, bàbá á sá lọ sóko. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára Ìsíátù. Ó gbàgbé orúnkún. Ó fò dìde, ó sáré gbé ìdérí lé dúrọ́ọ̀mù, ó ti ìgbálẹ̀ jíjẹ sábẹ́ àga, ó wá dúró bí ọmọ ilé ìwé.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wọlé, ó wọ ìjáàbù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Màmá. Hassanat lorúkọ mi, láti ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bo dúrọ́ọ̀mù mọ́, mo ti rí i láti géètì."

Ìyá Olúwatúnmiṣe bú sẹ́rìn-ín. Ìsíátù náà rẹ́rìn-ín. "Wolé-wolé ti ń kúnlẹ̀ kí èèyàn láyé yìí! Tiwa ìgbà yẹn, pàṣán ni."

Hassanat dé etí kòtò, ó dúró. Bàálù kan ń kọjá, gbogbo wọn dákẹ́ kó lọ tán, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Mafoluku.

"Kí lẹ ń gbẹ́, ẹ̀gbọ́n?" ló bi Fọlọ́runṣọ́.

"Sókàwéè ni, Àǹtí."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?"

"A máa fi búlọ́ọ̀kù yí i ká dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Iṣẹ́ wo ni sókàwéè ń ṣe?"

"Kómi ìdọ̀tí lè máa fà wọlẹ̀ ni."

"Tó bá wọlẹ̀ tán, ibo ló ń lọ?"

Fọlọ́runṣọ́ ya ẹnu. Ojú ẹ̀ lọ sí kànga, ó sì ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ilẹ̀ á sẹ́ ẹ ni," ni Ìsíátù wí. "Ṣebí yẹ̀pẹ̀ á sẹ́ ẹ. Kó tó débẹ̀, á ti mọ́."

"Màmá, ẹ ti sẹ́ ògì rí?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ògì ni mo fi wo àwọn ọmọ mi dàgbà."

"Kí ló ń kù lórí asẹ́?"

"Èèrí."

"Ògì ńkọ́?"

"Ó ti jò lọ sínú ike nísàlẹ̀."

"Asẹ́ nilẹ̀ náà. Èyí tójú rí ló máa dá dúró. Omi á mọ́ lójú, kò ní rùn, ẹ ó máa mu ún. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fa onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ojú ò rí i. Ó kéré ju ihò asẹ́ lọ. Á bá omi jò. Àfi kí ilẹ̀ tó wà láàárín gùn gan-an, kí kòkòrò náà kú sọ́nà." Ó yíjú sí Ìyá Olúwatúnmiṣe. "Ìyá ọmọ, nígbà òjò, báwo lomi kànga yìí ṣe ń ga tó?"

"Ó máa ń kún débi pé okùn ò níṣẹ́ ṣe. À ń tẹ̀ bù ú ni."

"Bí kànga bá kún báyẹn, kòtò yìí náà á kún. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú lábẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kankan ò ní rí wọn."

Ìyá Olúwatúnmiṣe rọra sọ korobá kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀. "Omi yìí ni mo fi ń po ògì fún un," ló wí, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ìsíátù sún mọ́ kànga, ó bojú wo inú ẹ̀.

"Ẹ má fòyà," ni Hassanat wí. "Kòtò lásán ṣì ni, ohunkóhun ò tíì ṣàn sínú ẹ̀. Níbo ni ilé ìgbẹ́ àtijọ́ wà?"

"Ìséyìn ni," ni Ìsíátù dá a lóhùn, ẹ̀rín díẹ̀ padà sójú ẹ̀. Ó kọ orin ìyàwó tuntun náà fún un, tòun ti gààrí inú àpò.

Hassanat rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rìn lọ sẹ́yìn, ó wo ibẹ̀, ó sì padà wá. "Ta ló yan ibẹ̀ yẹn, Màmá?"

"Ọkọ mi ni. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga. Òun àti wolé-wolé ìgbà yẹn dúró síbí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú igi kan lọ́wọ́, ó ń rìn lọ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ. Mo ní ṣé ó ti fẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀ ni. Àfìgbà tí ògiri dá a dúró."

"Màmá, ọgbọ̀n mítà la máa ń ní kó wà láàárín kànga àti kòtò ìgbẹ́, ó kéré tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pọ́lọ́ọ̀tì kan. Bàbá fi gbogbo gígùn ilẹ̀ wọn sáàárín méjèèjì. Wọn ò fi ọ̀nà jíjìn dá yín lágara. Omi yìí ni wọ́n ń ṣọ́."

Ìsíátù lọ sórí pèpéle. Lọ́jọ́ náà, ibi dídán yẹn gan-an ló jókòó sí.

*Ẹsẹ̀ á máa ro ọ́, inú ò ní run ọ́.* Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwàdà ló pè é! Ó rántí ọdún tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru gba àdúgbò kan, tí wọ́n ń fi ọmọlanke gbé èèyàn lọ sí ọsibítù, tí Àlájì sì ń pe àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n wá máa pọnmi níbí. Ó rọra fọwọ́ pa símẹ́ńtì pupa náà, bí ẹni ń pa orí ọmọ.

"Fọlọ́runṣọ́, òòlù ẹ dà?"

"Kí la fẹ́ fi òòlù ṣe, Màmá?"

"Wó pèpéle."

Sherifdeen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú páálí táìsì léjìká, dúró gbagidi. "Mọ̀mí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká gbé yín sínú kòtò?"

"Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́, òun náà ni mo fi ń gbà á padà. Sherifu, bàbá ẹ jókòó lórí pèpéle yìí, ó dìde, ó lọ. Àmọ́ nínú kànga yẹn, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo korobá tó bá gòkè, ẹ̀san tiẹ̀ ni. Ṣé èmi ni n ó wá máa da ìgbẹ́ sínú sàráà ọkọ mi, torí pé mo fẹ́ ibi tí n ó ti máa ro ti ẹ̀?"

Ó gba òòlù lọ́wọ́ Fọlọ́runṣọ́, ó ní òun lòun á kọ́kọ́ lù ú. Ó gbé e, ó já a lulẹ̀, gbàù! Símẹ́ńtì ò tilẹ̀ họ.

"Ẹ ò rí i!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń jáde lójú ẹ̀. "Mo ní ọkọ mi mọ símẹ́ńtì pò!"

Wọ́n dí kòtò iwájú pa. Páìpù gba ibi tí pèpéle wà tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́yìn, wọ́n sì gbẹ́ sókàwéè tuntun sí "Ìséyìn". Wọ́n da iyanrìn dí ṣáláńgá. Hassanat ní kí wọ́n lo táìsì tí ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki nínú balùwẹ̀, torí èyí tó ń dán ń gbé àgbàlagbà ṣubú, kí irin ìdìmú wà lára ògiri, kí ibi ìjókòó sì wà níbi ìwẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ kò wá ìjókòó lọ sọ́jà. Ibi dídán lórí pèpéle ló ti gé yọ nígbà tó ń wó o, ó fi símẹ́ńtì mọ́ ọn síbẹ̀, pupa láàárín táìsì funfun.

Nígbà tí pálọ̀ tuntun ti tàn, tí àwòrán Mẹ́kà ti padà sára ògiri, Ìsíátù wọ balùwẹ̀ ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó sórí pupa náà. Ó ṣí ṣáwà, ó kígbe, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orin:

*Ọkọ mi kọ́lé, ó dára,*
*Ṣáláńgá jìn, kànga mọ́ lóló.*
*Ẹsẹ̀ ro mí, inú ò run mí,*
*Ẹ wò mí bí mo ṣe dàgbà.*

"Mọ̀mí," ni Sherifdeen pè láti pálọ̀, "ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́ o! Ẹnikẹ́ni ò ní já wọlé."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn?"

Omi ń rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Sherifdeen gbọ́ ikọ́ bàbá ẹ̀ lẹ́nu ìyá ẹ̀ láti inú ibẹ̀, bó ṣe máa ń dún láyé ìgbà tóun wà lọ́mọdé: "Hùn-hún!"

Ó gbé páálí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ tún ilé yín ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ìyá àti bàbá yín máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sẹ́yìnkùlé nínú òjò. Ṣùgbọ́n kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé omi wa dà? Ẹ jẹ́ kí kòtò ìgbẹ́ jìnnà sí kànga, ọgbọ̀n mítà ó kéré tán. Ẹ tún yọjú wo ọgbà aládùúgbò pẹ̀lú, torí kànga tiẹ̀ lè wà lẹ́yìn fẹ́ńsì yín gan-an. Bí ilẹ̀ bá kéré, ẹ má dá a rò. Ẹ lọ pe òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kó wá wò ó kẹ́ ẹ tó gbẹ́. Wọn ò mú pàṣán dání mọ́.

Ẹ máa dé kànga yín. Omi tẹ́ ẹ máa mu, ẹ sè é kó hó dáadáa, kódà bó mọ́ lójú, nítorí a ò mọ ohun tí kòtò ẹlòmíràn ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà lọ́nà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ohun tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ pọ̀ nílé, a ò lè tọ́jú gbogbo ẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń ṣe èèyàn lóore, òun ni ká kọ́kọ́ dáàbò bò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ yà ní Ilé Oníkànga. Orin ṣì ń lọ níbẹ̀, omi náà ṣì mọ́.